Oṣù Mẹ́ta Ìjọba, Oṣù Mẹ́rin Opó

Bàbá mi, ẹ̀yin tí gbogbo àdúgbò ń gbé orí wọn lé lọ́wọ́ láì bẹ̀rù,

Mi ò ní béèrè pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Bí ẹ bá tilẹ̀ dáhùn, ta ló máa gbọ́? Ìròyìn ni mo mú wá, kò sì dùn ún gbọ́. Èmi àti Ìyá mi lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ Àtàláátà. Ọ́fíìsì lọ́yà la lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé ẹjọ́ yín ti kú. Kì í ṣe pé a jẹ̀bi, kì í sì í ṣe pé a jàre. A pẹ́ ni. Wọ́n ní bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣẹ èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oṣù mẹ́ta péré ni òfin fún olúwarẹ̀ láti pè é lẹ́jọ́. Tí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, bí ẹ̀rí ọwọ́ ẹni ga tó òkè, adájọ́ ò ní yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Opó tí wọ́n ṣe fún yín, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni, bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ìka lè dín. Oṣù mẹ́ta ìjọba ti tán nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú yàrá, tí wọ́n ń fi tẹ̀sùbáà ka àdúrà fún yín. Bàbá, òfin èwo ló yẹ kí obìnrin yẹn pa mọ́?

Mo bi lọ́yà bóyá bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ ṣe rí. Wọ́n ní rárá o. Ẹni tó jẹni ní gbèsè, ọdún mẹ́fà wà láti fi pè é. Ẹni tó gba ilẹ̀ onílẹ̀, ọdún méjìlá. Ká ní ọkọ̀ aládàáni ló pa yín, ọdún la à bá máa kà, kì í ṣe oṣù. Ẹ wá wò ó: ẹni tó jẹ owó ata lọ́jà á máa bojú wẹ̀yìn fún ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọkọ̀ ìjọba pa onígbàjámọ̀, tó bá ti di oṣù kẹrin, ó lè máa súfèé kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ ò kúkú kú sábẹ́ ọkọ̀ oníyanrìn kan? Ẹ má bínú. Ẹ mọ ẹnu mi.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe lọ lẹ́yìn yín.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ ń lọ fá orí ọmọ tuntun ní Kuta. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ ni, ẹ kì í sì í pẹ́ dé ibi sùnà. Ẹ ti fi ẹfun sàmì sí ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà mọ́sálááṣí tó wà lára ògiri. Ẹ dán abẹ yín wò lórí èékánná àtàǹpàkò, ẹ ṣẹ́ àlùmọ́gàjí nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ká, ká, bí ẹ ṣe máa ń ṣe níbi tí kò ti sí irun, ẹ wá so àpótí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ọkọ̀ ńlá ìjọba ń da òkúta sójú títì tí wọ́n ń ṣe. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn, kò sì sẹ́ni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti darí rẹ̀. Ìyá kan tó ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà rí i, ìyá náà sì pariwo, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnì ò jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà gbọ́. Kí wọ́n tó kírun Àlàásárì, a ti sin yín sẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ pé ẹlòmíì ló fá orí ọmọ Kuta yẹn, ó sì gé e lára lẹ́bàá etí. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ rántí ọdún tí mo gun orí ògiri lásìkò ààwẹ̀? Mo fi àrọ epo bọ ẹnu, mo pe ìrun bíi ládàánì gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ikọ́ tí wọ́n máa ń hú láàárín, tó fi jẹ́ pé Ìyá Olóròóró ilé kejì ti gbé omi mu kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo àdúgbò ní kí ẹ nà mí. Ẹ ò nà mí. Ẹ ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan dípò tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, mo rí èjìká yín, ó ń mì. Ẹ̀rín lẹ ń rín. Kí ló dé tí ẹ ò nà mí, Bàbá? Ká ní ẹ nà mí dáadáa lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Lọ́jọ́ kẹjọ yín, ọ̀gá tí dẹ́rẹ́bà yẹn wà lábẹ́ rẹ̀ wá kí wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá wá. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ọwọ́ lé àyà:

"Ẹ̀-hẹn. Ẹ̀yin ará ilé wa. Ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó olóògbé ṣe opó wọn tán ní ìrọ̀rùn. Tí wọ́n bá ti jáde opó, a ó jókòó, a ó sọ ọ́ bí ọmọ ìyá."

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, mi orí títí fìlà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. "Ẹ ṣé o, ọ̀gá. Ọmọlúàbí niyín. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àbí mo purọ́?"

Kò sẹ́ni tó ní wọ́n purọ́. Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Àgbà?

Lọ́jọ́ ogójì, ọ̀gá náà tún dé. Ó bi wá pé ọjọ́ wo gan-an ni Ìyá mi máa jáde opó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. A ní ẹ ò rí i bó ṣe ń ṣàánú wa. Nísinsìnyí mo ń bi ara mi pé ìṣirò wo ló ń ṣe nínú ìwé kékeré yẹn. Ṣé ẹ̀yin tó wà níbi tí a ti ń rí gbogbo nǹkan, ẹ rí i nígbà tó ń kọ ọ́?

Ìgbà tó lọ tán ni mo dìde láàárín yàrá, mo bọ́ bàtà tí mi ò wọ̀, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Ẹ̀-hẹn. Ẹ̀yin ará ilé wa." Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti jìn sí kòtò.

Ẹ mọ̀ pé fóònù Ìyá mi kì í sinmi nígbà yẹn. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń pè láti kí wọn kú ọ̀fọ̀, ẹni tó bá sì pè, á sunkún, Ìyá mi náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá ní, "Máa bá mi dá wọn lóhùn, ọ̀fun mi ti gbẹ." Mo kọ́kọ́ ń fi ohùn ara mi dáhùn pé Ìyá ń kírun. Wọn ò gbà. Wọ́n á ní kí n dúró kí wọ́n kírun tán. Lọ́jọ́ kan, mo fi ohùn Ìyá mi dáhùn. Mo fa ìmí, mo rẹ ohùn sílẹ̀: "A dúpẹ́ o. Ẹ kú ìdúró tì wá. A ti fi fún Ọlọ́run." Àbúrò yín obìnrin tó wà ní Ilé-Ogbó ló wà lórí fóònù, wọ́n ti mọ Ìyá mi kí ẹ tó bí mi, wọ́n sì bá mi sunkún. Wọ́n ṣàdúrà pé kí ọmọ mi tọ́jú mi di arúgbó. Ìyá mi fi ìborùn di ẹnu ara wọn kí ẹ̀rín má baà wọ inú fóònù.

Bí mo ṣe di opó nìyẹn. Mo ń ṣe é láàárọ̀, mo ń ṣe é lọ́sàn-án. Mo gbádùn rẹ̀, Bàbá. Irọ́ ò sí nínú lẹ́tà òkú. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an ni.

Nínú oṣù kejì, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá mi ń sùn, fóònù dún. Ọmọ Ìyá Olóròóró ni, èyí tó kàwé di lọ́yà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo.

"Màmá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ìyá mi ló fún mi ní nọ́ńbà yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìjọba yẹn, Màmá, kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀ o. Mo fẹ́ gbé ìwé wá bá yín nílé. Ẹ ò ní jáde. Ẹ kàn máa tẹ̀ka sí i ni."

Ó yẹ kí n jí Ìyá mi. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jìnnà sí ibi tí wọ́n sùn sí. Ṣùgbọ́n mo ti wọ inú ohùn náà, ohùn náà sì ń gbé mi lọ. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ayé ni mo sọ fún wọn: "Ọmọ mi, o ṣé. Ọlọ́run á sọ ẹ́ di lọ́yà àgbà. A ti fi fún Ọlọ́run." Kí ó lè dùn dáadáa, mo mú ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà, mo fi lé e: "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?"

"Ó dá mi lójú, ọmọ mi." Mo tún fa imú.

Wọ́n ní ó dáa, wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín. Nígbà tí Ìyá mi jí, mo ní Ilé-Ogbó ló pè. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pamọ́. Mo rò pé kò jámọ́ nǹkan ni. Ṣebí ọ̀gá yẹn ti ní tí opó bá parí, a ó jókòó? Ìwé tí mo kà mọ ní SS Wáànù, kò sẹ́ni tó kọ́ wa níbẹ̀ pé òfin náà máa ń ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kẹta tí Ìyá mi jáde opó, a lọ bá ọ̀gá yẹn. Kò dìde. Kò tilẹ̀ wúkọ́. "Màmá, ta lẹ fẹ́ rí?" Bí ẹni tí kò jẹ búrẹ́dì nílé wa rí. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, wọ́n ní àwọn ti jáde opó, àwọn wá fún ìjókòó tó sọ. Ó fa ẹ̀dà ìwé kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó jù ú sórí tábìlì. "Ìwádìí ti parí. Ọkọ yín ló sáré kọ lu ọkọ̀ wa. Ẹ lọ kà á." Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀. Lẹ́nu géètì, mo ń ka díẹ̀díẹ̀, mo ń túmọ̀ fún wọn, títí mo fi dé ìlà tó ní ẹ̀ ń sáré àsápajúdé, ẹ ò wo iwájú, ẹ̀yin lẹ fa ikú ara yín.

Ìyá mi ní, "Tún ìlà yẹn kà."

Mo tún un kà.

"Fi hàn mí." Mo fi ìka wọn lé e. Wọn ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ ìka mọ́ ọn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pa kòkòrò. "Kí wọ́n yọ ìlà yìí kúrò. Kí adájọ́ pè é, kó yọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Mi ò fẹ́ nǹkan míì lọ́wọ́ wọn."

Ohun tí a ń wá kiri láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ìlà kan péré.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, a yà kí Alùfáà. Ìyá mi ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ àti pé opó ni ò jẹ́ kí àwọn jáde. Ẹnu ya Alùfáà. "Ẹ̀yin ò ṣe bi mí? Opó lè jáde lọ́sàn-án fún ọ̀rọ̀ tó bá kàn án gbọ̀ngbọ̀n, kó ṣáà ti padà wá sùn sílé rẹ̀." Gbogbo wa mọ òfin opó débi pé a ò bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà náà ni Ìyá mi ní ká lọ bá ọmọ Ìyá Olóròóró ní Òṣogbo. Bàbá, ẹ rò ó wò, kí ni ǹ bá ti sọ? Ẹ̀fọ́rí ń pa mí? Mo tẹ̀lé wọn. Ìyá mi gbé ìwé yẹn kalẹ̀, wọ́n ní kí lọ́yà bá àwọn pe ọ̀gá yẹn lẹ́jọ́. Lọ́yà ka ìwé náà, wọ́n ka ọjọ́ ikú yín, wọ́n fi bírò sílẹ̀. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta tí mo kọ sókè yìí. Wọ́n ní ihò kan ṣoṣo tí a lè gbà ni tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ara rẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń fi ọkọ̀ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n òkúta ìjọba ni, títì ìjọba ni. Ihò yẹn náà ti dí.

"Ó dùn mí, Màmá. Ṣebí mo pè yín. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ti fi fún Ọlọ́run, ẹ ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Fáànù orí àjà ni mò ń wò. Mo gbọ́ bí àga Ìyá mi ṣe dún nígbà tí wọ́n yíjú sí mi. Ta ló mọ ohùn yẹn tó wọn? Àwọn ló kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí. Wọ́n wá yíjú padà sí lọ́yà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìbànújẹ́ ni."

Nínú ọkọ̀, wọ́n ra ẹ̀pà sísè, wọ́n bó o, wọ́n ń kó o sí mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí a fi délé ní Ìwó. Irú ìyà wo nìyẹn, Bàbá?

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àgbà wọlé. Ìyá Olóròóró ti ròyìn fún wọn. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, Bàbá Àgbà wà lórí àga yín.

"Ìyàwó, ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ pé a ti fi fún Ọlọ́run, ìwọ náà lo tún gun mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn, ìwọ lo tún ń kàn án. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi gbẹ mọ́ ẹ lẹ́nu! Àbí mo purọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Àgbà. Ẹ ò purọ́."

Mo ní, "Kì í ṣe Ìyá mi. Èmi ni mo gbé fóònù."

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín! "Eléré ti dé. O fẹ́ gba ìyà ìyá rẹ jẹ, kò burú, ọmọ dáadáa ni ẹ́. Bọ́ síta."

Bàbá, láyé mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè mí lọ́mọ dáadáa nìyẹn, orí irọ́ ni wọ́n rò pé mo wà. N kò bọ́ síta. Mo fa ìmí, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ kóòtù, ìfamú, gbogbo rẹ̀. Bàbá Àgbà wo ẹnu Ìyá mi. Ẹnu Ìyá mi wà ní pípadé. Ẹ̀rín tó wà lójú Bàbá Àgbà kò mọ ibi tó máa gbà lọ. Mo tún fẹ́ sọ fún wọn pé òwe tí mo lò yẹn, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Ìyá mi ti dìde lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n fọ́ mi létí débi pé mo gbá ògiri.

"Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀? Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ mi ló pa ara rẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún kọ ọ́ pé ọmọ mi ló pa ẹjọ́ rẹ̀ ni?"

Bàbá Àgbà wá fìlà wọn, orí wọn ló sì wà. Wọ́n lọ láì ṣàdúrà. Wọn ò tíì padà wá. Ìyá mi fi omi tútù nu etí mi, a ò sì sọ ọ́ mọ́.

Ìlà yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá yẹn, Bàbá, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè yín lọ́la, òun ni wọ́n máa fà yọ. Mo padà lọ bá ìyá tó ń yan gàrí, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi láì fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí, kò ní òǹtẹ̀, kò sì sí adájọ́ tó máa kà á: ẹ ti pa ẹ́ńjìnì ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ yín méjèèjì wà nílẹ̀. Ẹ ń dúró kí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ kọjá. Ẹ tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ẹ ń kí dẹ́rẹ́bà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó jẹ̀bi níwájú yín, tí kò sì rí kóòtù tó máa dá a lẹ́jọ́.